Láti Àbújá dé Èkó: Ọ̀nà Òfurufú àti Ọ̀nà Ilẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ẹ̀ka Àbújá sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Èkó)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ọdún yìí, ó ní kí n mú ohun tí ó bá wù mí. Ohun tí mo mú ni ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé, 'Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà? Ṣebí ẹni tí ó bá ní owó a wọ bàálù, ẹni tí kò bá ní a wọ mọ́tò?' Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé èṣí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni a pe ìpàdé náà ní Èkó níhìn-ín. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí àwa ará Àbújá tó wọlé. Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe ilé ìwòsàn ìlú kí a tó dé, a kò sì lè fi ohùn tiwa sí i. Ẹ bu owó ìtanràn lé wa lórí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, ó ní, 'Wákàtí kan péré ni bàálù ń lò láti Àbújá. Ẹni tí kò lè fi wákàtí kan wá sí ìpàdé ìlú rẹ̀, a jẹ́ pé kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀ ni.'

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn wa. Títí di òní, àwọn kan wà ní ẹ̀ka wa tí wọ́n ń sọ pé kí Àbújá dá dúró, kí Èkó dá dúró, kí olúkúlùkù máa fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹgbẹ́ tí àwọn tí ó ṣáájú wa fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ gbé ró, ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni ó fẹ́ tú u ká. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ jókòó lónìí, kí a ka wákàtí náà bí ẹni ń ka owó, kí a sì mọ iye tí ó jẹ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Bí a bá lè na okùn tààrà láti Èkó dé Àbújá, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà, èyí tí í ṣe máìlì 317 fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi máìlì kọ́ ìṣirò. Ọ̀nà bàálù kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ojú okùn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù pàápàá a máa yà díẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò ní ìyẹ́. Ó ní láti tẹ̀ lé ibi tí ìlú wà, ibi tí odò ti ní afárá, àti ibi tí òkè ti fi àyè sílẹ̀. Bí a bá gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá, tí a gba Òkénè dé Lọ́kọ́jà, tí a sọdá Odò Ọya lórí afárá Jámátà, tí a sì gba Àbàjí àti Gwagwálàdá wọ Àbújá, ìrìn náà yóò tó nǹkan bí 750 kìlómítà, tí í ṣe máìlì 466. Èyí ni pé ọ̀nà ilẹ̀ fi nǹkan bí 240 kìlómítà gùn ju ọ̀nà òfurufú lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹnì kan ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí ó sì padà sí Èkó, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú kọ Àbújá.

Láti orí ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí àkókò. Bàálù tí ó ń ná ọ̀nà yìí a máa sá tó 750 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè pátápátá. Bí ó bá lè fi eré yẹn sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú 41 ni ì bá máa lò. Ṣùgbọ́n ó ní láti rìn lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra, ó ní láti fi ìwọ̀n gun òkè, ó sì ní láti rọra sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń lò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ohun gbogbo bá dán mọ́rán. Ní ti mọ́tò, bí ó bá lè sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan láìdúró, wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó rí awakọ̀ tí kò dúró jẹun, tí kò dúró ra epo, tí ọlọ́pàá kò dá dúró, tí kòtò kò sì mú un fà sẹ́yìn? Wákàtí mọ́kànlá, wákàtí méjìlá, nígbà mìíràn wákàtí mẹ́rìnlá, ni a mọ̀ mọ ọ̀nà náà.

Oòrùn pàápàá ń rin ìrìn yìí lójoojúmọ́. Àbújá wà ní ìhà ìlà-oòrùn Èkó, nítorí náà láti ìgbà tí oòrùn bá ti dé àtàrí wa ní Àbújá, ó ń lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí ó tó dé àtàrí yín ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kan náà ni a jọ ń wò. Nínú gbogbo arìnrìn-àjò tí ó ń ná ọ̀nà náà, oòrùn nìkan ni kì í pẹ́ dé.

Ẹ wò ó bí mo ti kà á: wákàtí kan àti díẹ̀ fún bàálù, wákàtí méjìlá fún mọ́tò. Ibi tí bàbá wa ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èṣí nìyẹn, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí tí bàálù lò lójú sánmà ni ó kà. Kò ka wákàtí tí ènìyàn lò lórí ilẹ̀ kí ó tó wọ bàálù, àti èyí tí ó lò lẹ́yìn tí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí a rí i bí ó ti ń ṣe é.

Kúbwà ni ó ń gbé. Ó jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Pápákọ̀ òfurufú Àbújá kò sí láàárín ìlú; ó jìnnà sí àárín ìlú tó nǹkan bí 40 kìlómítà, nítorí náà aago mẹ́fà ti kọjá dáadáa kí ó tó dé ibẹ̀. Ó tò láti fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn, wọ́n wọn ẹrù rẹ̀, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, ó jókòó. Ní aago mẹ́jọ, bàálù gbéra. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó balẹ̀ sí Ìkẹjà. Kí ó tó jáde tí ó sì gba ẹrù rẹ̀, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ó kù. Láti Ìkẹjà lọ sí Ìkòròdú tàbí Òjó tàbí Àjà, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀, wákàtí méjì kì í ṣe ohun ìyanu. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ó fi rìn, bàálù sì fò fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú rẹ̀. Ìyókù, orí ilẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó jí kí àkùkọ tó kọ, tí bàálù rẹ̀ kò sì pẹ́ ìṣẹ́jú kan, kò lè bá ìpàdé aago mẹ́wàá. Kì í ṣe àìfẹ́ ìlú ni. Ìṣirò ni.

Mo sì ní bí bàálù kò bá pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ó ń pẹ́. Ìpàdé wa yìí, oṣù Kejìlá ni a máa ń ṣe é, ìgbà ọyẹ́ sì ni. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku aṣálẹ̀ dé láti òkè ọya, tí awakọ̀ òfurufú kò rí ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí, bàálù yóò dúró, àwọn èrò yóò sì jókòó lórí àpótí ẹrù wọn títí di alẹ́. Òjò ńlá àti ìjì a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sì rántí ọdún 2017. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ní Àbújá pa láti tún un ṣe. Kàdúná ni bàálù tí ó ń bọ̀ ní Àbújá ń balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni a sì ti ń fi bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin kó àwọn èrò wá sí Àbújá. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, bàálù kò dín eré rẹ̀ kù rárá. Síbẹ̀ Èkó jìnnà sí Àbújá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà òfurufú kan láyé tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, tí kì í sì í parí sórí ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mọ́tò ni mo ń polówó. Ọ̀nà ilẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì burú. Ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022, Odò Ọya kún ní Lọ́kọ́jà, omi bo títì, àwọn ọkọ̀ sì tò lọ bẹẹrẹ tí wọn kò lè lọ síwájú tí wọn kò lè padà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn sùn sójú ọ̀nà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978, láti ọdún 2013 tí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti fi ojú wa rí màbo fún ọdún púpọ̀. Èyí tí ó wúwo jù lọ ni ti àwọn ajínigbé. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024 kò jìnnà, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ibi pa ọba méjì lójú ìrìn àjò nínú ilẹ̀ Èkìtì wa. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí orí adé, kí ni ti èmi àti ìwọ? Mo mọ ìdí rẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń yá owó wọ bàálù. Kì í ṣe afẹ́. Ẹ̀rù ni.

Ọ̀nà méjèèjì ní ọ̀fìn tirẹ̀, ẹ ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi, fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tẹ̀ mí láago sí Àbújá. Ọjọ́ Ẹtì, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ni wọ́n fi ìsìnkú sí nílé. Àwọn ẹbí tí ó wà ní Èkó ti háyà bọ́ọ̀sì kan tí yóò gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì náà. Mo rò ó nínú ara mi pé, bí mo bá wọ bàálù aago méjì ọ̀sán ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin n óò ti wà ní Èkó, n óò sùn, n óò sì bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Àbúrò mi ní tirẹ̀ kò ní owó bàálù. Ó lọ sí gáréèjì ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ kan náà, ó wọ mọ́tò tí ó ń lọ sí Èkìtì. Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di aago méjì ọ̀sán, mo ti wà ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kí a fara balẹ̀, bàálù ń bọ̀. Ní aago mẹ́ta, wọ́n tún ní kí a fara balẹ̀. Ní kété lẹ́yìn èyí ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti délé o. Mo ti rí òkú ìyá wa. Níbo ni ẹ dé?' Orí àga ni mo wà, n kò tí ì kúrò ní Àbújá. Aago méje alẹ́ ni a gbéra. Nígbà tí a ti wà lókè fún ìgbà díẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, mo rí iná wẹ́wẹ́ káàkiri nínú òkùnkùn, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé ilẹ̀ Èkìtì ni a ń kọjá. Nítorí pé, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá fi rúlà fa ìlà láti Àbújá dé Èkó lórí àwòrán ilẹ̀, inú Èkìtì ni ìlà náà yóò gbà kọjá. N kò lè mọ èwo nínú àwọn iná náà ni ti ìlú wa. Òkú ìyá mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń fò kọjá lórí rẹ̀ lọ sí Èkó.

Aago mọ́kànlá òru ni mo dé ilé tí mo sùn sí. Ní aago mẹ́rin ìdájí, bọ́ọ̀sì wa gbéra. Kò tí ì rìn jìnnà lórí ọ̀nà Ìbàdàn tí a fi bá tírélà kan tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà, wákàtí mẹ́ta sì lọ níbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí a tó wọ ìlú. Wọ́n ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kúrò ní ibojì, wọ́n ti ń tẹ́ erùpẹ̀ orí rẹ̀. Àbúrò mi ni ó bá mi da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí ìyá tí ó tọ́ mi. Ó ná owó díẹ̀, ó dé ní àsìkò. Mo ná owó púpọ̀, n kò bá a.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Kí ni ó ṣì mí lọ́nà? Mo wo eré ọkọ̀, n kò wo ibi tí mo ń lọ. Láti Àbújá dé Lọ́kọ́jà tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Láti Lọ́kọ́jà, a ó ya sí Kábà, a ó gba Ìyàmoyè dé Òmùò tí í ṣe ẹnu ibodè Èkìtì, kí a tó dé Ìkọ̀lé. Gbogbo rẹ̀ kò tó 400 kìlómítà. Láti Èkó, bí a bá gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Adó, ó lé ní 300 kìlómítà. Àárín ìlú méjèèjì ni ilé wà. Ẹni tí ó bá wọ bàálù láti Àbújá lọ sí Èkó kí ó lè lọ sílé, ó ti rékọjá ilé lójú sánmà, ó sì tún ń fi mọ́tò padà sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé pápákọ̀ òfurufú wà ní Àkúrẹ́ tí ó máa ń gba bàálù láti Èkó àti láti Àbújá, ó sì dára fún ẹni tí ó bá rí i wọ̀. Ṣùgbọ́n bàálù ibẹ̀ kò pọ̀ lójúmọ́ bí ti Èkó sí Àbújá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè gbé gbogbo ara lé.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Kí ìjọba tó pinnu ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 pé Àbújá ni olú-ìlú yóò wà, àti kí wọ́n tó kó lọ síbẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìhà kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbà jáde nílé: ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ilé ni òpin ọ̀nà. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa ti pín sí ìhà méjì, ilé sì ti di àárín ọ̀nà. Bàálù sì dé, ó so orí ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ó fi àárín sílẹ̀. Ó mú Èkó súnmọ́ Àbújá, kò sì mú ọ̀kankan nínú wọn súnmọ́ ilé. Bí a kò bá ṣọ́ra, a óò máa ṣe ìpàdé ìlú wa ní Èkó lọ́dún yìí, ní Àbújá lọ́dún tí ń bọ̀, a óò máa fò lórí ìlú náà lọ fò lórí rẹ̀ bọ̀, àwọn ọmọ wa yóò sì dàgbà láìmọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ó tún ku ohun kan. Àwọn tí ó ní owó àti àwọn tí ó ní ẹnu níwájú ìjọba, bàálù ni wọ́n ń wọ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń kó iṣu àti gàrí lọ sí ọjà, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn aláìsàn tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mọ́tò ni tiwọn. Bí ẹni tí ó ní ohùn kò bá tẹ ilẹ̀ mọ́, ta ni yóò bá ọ̀nà sọ̀rọ̀? Kòtò tí a kò já sí, a kì í mọ bí ó ti jìn tó.

Nítorí náà, Alága wa ọ̀wọ́n, mo fi ohun mẹ́rin lélẹ̀ fún ìpàdé yìí láti gbé yẹ̀ wò.

Èkínní: kí a má ṣe fi wákàtí bàálù ka ìrìn ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ìpàdé ni kí a máa kà á. Ìgbàkígbà tí ìpàdé bá wà ní Èkó tàbí ní Àbújá, kí àwọn aṣojú tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ̀ka tí ó gba àlejò sì pèsè ibi tí wọn yóò sùn sí. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí ó ṣì pẹ́, ẹ bu owó ìtanràn lé e, èmi ni n óò kọ́kọ́ san án.

Èkejì: kí aṣojú ẹgbẹ́ wa kan má ṣe rin ọ̀nà ilẹ̀ lóru nítorí ìpàdé. Ẹni tí ó bá ń ti Àbújá bọ̀, kí ó gbéra ní ìdájí; bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá a lọ́nà, kí ó wọ ìlú tí ó bá súnmọ́ ọn, kí ó sùn. Ìpàdé kò tó ẹ̀mí.

Ẹ̀kẹta: kí ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà Kábà sí Òmùò sí Ìkọ̀lé, àti lórí ààbò rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ náà má jẹ́ ti àwọn tí ń wọ bàálù nìkan. Kí awakọ̀ kan wà níbẹ̀, kí ìyá ọlọ́jà kan sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wà lọ́kàn mi jù: kí ìpàdé àpapọ̀ wa kúrò ní Èkó, kí ó kúrò ní Àbújá, kí ó padà sílé, kí a sì máa ṣe é ní àkókò Ọdún Àjíǹde dípò oṣù Kejìlá. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni odò máa ń kún ní Lọ́kọ́jà. Ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ọyẹ́ máa ń dí ojú òfurufú, ìgbà náà sì ni owó ọkọ̀ máa ń gbówó lórí, tí ọ̀nà sì máa ń kún fún ọkọ̀ ọdún. Ọdún Àjíǹde kì í kọjá àárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin: ọyẹ́ ti lọ, odò kò tí ì kún, ìsinmi sì wà fún gbogbo wa, àti Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ará Èkó yóò rin ìlàjì, ará Àbújá yóò rin ìlàjì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n fi ìyà jẹ òun. Àwọn ará ilé, tí a ń torí wọn ṣe ẹgbẹ́, yóò wà níjòókòó nígbà tí a bá ń pinnu lórí ilé ìwòsàn tí àwọn gan-an ń lò.

Mo mọ̀ pé èyí yóò ná àwọn kan ní ìnira. Bàbá wa tí ó sọ̀rọ̀ ní èṣí wà níwájú mi yìí. Bàbá, n kò bá yín jà. Ẹ ṣe bí àgbà, ẹ̀yin ni ẹ sì jẹ́ kí n lọ ṣírò ohun tí n kò tí ì ṣírò rí. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀yin gan-an ṣáájú wa lọ sílé ní ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ jókòó sí ìdí igi tí ẹ ti jókòó sí nígbà èwe, kí àwa ọmọ ti ìhà Èkó àti ti ìhà Àbújá máa wọlé bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ka wa bá pẹ́ ní ọjọ́ náà, ẹ óò mọ̀ pé lóòótọ́ ni a kò fẹ́ràn ilé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bàálù yóò máa fò, mọ́tò yóò sì máa sá, a óò máa wọ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí agbára àti ìdí ìrìn wa bá ti rí. Kí a ṣá ti mọ ibi tí à ń lọ kí a tó wo eré ọkọ̀. Kí Olódùmarè dáàbò bo gbogbo wa lókè àti nílẹ̀, kí ó mú olúkúlùkù dé ilé tirẹ̀ láyọ̀.